Ilé ìwé ìṣègùn wo ni kí n yọ kúrò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ilé ìwé ìṣègùn mẹ́sàn-án ni mo fẹ́ kọ̀wé sí, òkìkí wọn ló fà mí. Èwo ni kí n yọ kúrò?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, gbàgbé òkìkí ná. Èyí tí kò bá sí nínú World Directory of Medical Schools, àkójọ àwọn ilé ìwé ìṣègùn káàkiri ayé, yọ ọ́ lónìí. Wíwà níbẹ̀ nìkan ò sì tó: bi ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ níbi tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ bóyá wọ́n ń tẹ́wọ́ gba oyè ilé ìwé náà.

Ẹ̀yìn náà, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ni? Láti 1969 ni Yunifásítì McMaster ní Kánádà ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ díẹ̀ díẹ̀ yí ìṣòro aláìsàn kan ká, tí wọ́n á jọ wá ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ti tẹ̀ lé wọn. Ohun tí mo bá jiyàn lé lórí ni kì í kúrò lọ́pọlọ mi, àmọ́ ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó gbọ́ àlàyé kí n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ó ṣì ń dùn mí. Nítorí náà, bi àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí: ọdún wo lẹ kọ́kọ́ wọ wọ́ọ̀dù? Ẹ mélòó ló ń yí bẹ́ẹ̀dì kan ká? Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kó o tó yọ ilé ìwé kankan.