Ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ṣé ọ̀kan náà ni "courage", "pluck" àti "guts"? Níbo ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí wọn?

Ìdáhùn: Ìgboyà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n orísun wọn yàtọ̀. "Cor" ni Látìnì ń pe ọkàn. Inú rẹ̀ ni Faransé ayé àtijọ́ ti rí "corage", tó wọ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1300. Nígbà náà, wọ́n tún ń fi í pe èrò àti ìfẹ́ inú ènìyàn.

"Pluck" ló dùn jù. Ọ̀rọ̀ alápatà ni: ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù tí wọ́n ń fà yọ pa pọ̀ nínú ẹran tí wọ́n bá pa. Láàárín 1700 sí 1800 ló di ìgboyà. "Guts", ìyẹn ìfun, dé lẹ́yìn rẹ̀. (Àwa náà kúkú ń sọ pé ẹnì kan láyà.)

Ẹ má kọ "guts" sínú lẹ́tà iṣẹ́ o, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. "Valour" jẹ mọ́ ogun; òun ni wọ́n kọ sára Victoria Cross, àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà lójú ogun ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1856. Fún ẹni tó ń fara da àìsàn, "courage" ló yẹ.