Èsì: Jump ball àbí ọfà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè bóyá, nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ (basketball), ká pa ọfà tì, ìyẹn páálí orí tábìlì tó ń tọ́ka sí ẹgbẹ́ tó máa ju bọ́ọ̀lù wọlé, tó sì ń yí sí ẹgbẹ́ kejì lẹ́yìn náà, ká padà sí jump ball, kí adájọ́ ju bọ́ọ̀lù sókè kí ẹni méjì fò jà á gbà, nígbàkígbà tí ẹni méjì bá jọ di bọ́ọ̀lù mú: ní tèmi, rárá, pàápàá lórí pápá tiwa n'Íbàdàn.

NBA, líìgì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣì ń ju bọ́ọ̀lù sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ lọ sókè tààrà, kó ga ju ibi tí ọwọ́ àwọn méjèèjì lè dé lọ. Bó bá fi díẹ̀ tẹ̀ sápá kan, ó ti di ojúsàájú. Ọmọ kúkurú tó sì fọgbọ́n di bọ́ọ̀lù mọ́ òmìrán lọ́wọ́, ṣé kó tún wá bá a fò ni?

Àwọn tó ń kọ àmì ayò nídìí tábìlì ló ń ba ọfà jẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò rí bọ́ọ̀lù gbà níbi jump ball ìbẹ̀rẹ̀ ló ni ọfà àkọ́kọ́. Ẹ má yí i nígbà tí fèrè bá dún o. Ó di ìgbà tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù wọlé bá kan ẹnì kan nínú pápá. Bí ẹni tó ń jù ú bá kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 5, ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù ọfà. Bó bá jẹ́ fáọ̀lù, ọfà kò yí.

Lẹ́yìn ìsinmi àárín eré, ẹgbẹ́ méjèèjì á pààrọ̀ apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí. Ẹ dá páálí ọfà yẹn kọjú sódì kejì, kó lè ṣì máa tọ́ka sí ẹgbẹ́ tó ni ín. Ibẹ̀ gan-an nijà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn nìkan ni mo ti gbà fún yín: kéèyàn jà gba bọ́ọ̀lù mú, kí ọfà tún dá a padà fún alátakò, ó dunni.