Ọrọọrún ni babaláwo ń dÍfá, kì í ṣe ojoojúmọ́

Ìbéèrè tó wá sọ́dọ̀ mi nìyí: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, níbi ìgbéyàwó kan ní Òṣogbo, mo gbọ́ tí alága ìjókòó ń sọ fún ìyàwó tuntun pé, 'Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún.' Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ìyàwó má fọkàn balẹ̀ láé, kó máa ṣọ́ ọ̀la tọ̀sán-tòru. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé Mùsùlùmí náà sì lè máa pa òwe yìí?"

Rárá o, bẹ́ẹ̀ kọ́! Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, torí mo ti gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lórí rédíò, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù. Ìbẹ̀rẹ̀ òwe ni wọ́n ń gbọ́, wọn kì í dúró gbọ́ ìparí. Ìparí yẹn gan-an ni òwe wà. Kí ló dé tí àwọn baba wa ò sọ pé babaláwo ń dÍfá lójoojúmọ́? Bí ọ̀la bá yẹ ní bíbẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀, orí ọpọ́n ni babaláwo ì bá máa sùn.

Ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú ọ̀sẹ̀ Yorùbá: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Awo, ẹ ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún ni ọjọ́ Awo tún padà dé. Ìyẹn ni ọrún. Lọ́jọ́ náà, babaláwo á gbé ikin sílẹ̀, á fi obì àti omi tútù bọ Ifá, á bèèrè ohun tó ń bọ̀ lọ́nà. Bí ẹbọ bá wà, á rú u. Ó parí. Á palẹ̀ ọpọ́n mọ́, á sì gba oko lọ bí ẹlòmíràn. Àwọn àgbà mọ̀ pé ọ̀la lè yí padà, wọn ò tan ara wọn jẹ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún àníyàn ní ọjọ́ tirẹ̀, kó má baà jẹ gbogbo ọjọ́ yòókù mọ́ ọn.

Ẹ tún gbọ́ bí ẹsẹ Ifá ṣe máa ń lọ. Ẹnìkan ń sunkún àìrájé, òmíràn ń fomi ojú ṣògbérè ọmọ. Ó tọ awo lọ, wọ́n ní kó rúbọ, ó gbọ́ rírú ẹbọ, ó rú. Ẹ wo ohun tó wá tẹ̀ lé e: "Ijó ní ń jó, ayọ̀ ní ń yọ̀. Ó ya ẹnu kótó, orin awo ló ń kọ. Ẹsẹ̀ tó nà, ijó fà á." Ẹni tí ìrònú ti pa ẹnu rẹ̀ dé ló wá di olórin! Àwọn kan á ní torí pé ọwọ́ rẹ̀ tẹ ohun tó ń wá ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ ohun tó ń wá, tí kò sì rí ijó jó, torí àníyàn mìíràn ti gba ipò ti àkọ́kọ́? Èmi ò rí ibi tí orin ti ń jáde lẹ́nu ẹni tí kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀.

Òṣogbo ìlú aró ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí. Ìyá bàbá mi rẹ aró. Ìkòkò méjì ló máa ń to léra; ti òkè ní ihò nídìí, eérú ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n á da omi sí eérú náà, á máa ro tó-tó-tó sínú ti ìsàlẹ̀. Omi eérú yẹn ni wọ́n fi ń rẹ èlú. Wọ́n á bo ó, ó di ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá fẹ́ ṣí i wò, ìyá á pariwo mọ́ wa, torí aró tí wọ́n bá ń ṣí ní gbogbo ìgbà kì í mú. Ìgbà tó bá tó, aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé tútù, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á di aró lójú wa. Bí ọkàn ẹni tó fẹ́ dá nǹkan tuntun ṣe rí nìyẹn: bí àníyàn bá ń ṣí i ní gbogbo ìgbà, kò ní mú.

Mo tún rántí Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962. Iná orí ìtàgé ni Jimoh Buraimoh ń tàn fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ kó tó di ayàwòrán. Ijó ló gbé Twins Seven Seven, tí òun náà padà di ayàwòrán, wọ ìlú. Ká ní wọ́n kọ́kọ́ jókòó ro ohun tí ayé máa sọ, ta ni ì bá mọ̀ wọ́n lónìí?

Ó dùn mí pé ọmọ Òṣogbo mọ Mọ́ńdè, ó mọ ọjọ́ tí dátà rẹ̀ máa tán, kò mọ ọjọ́ Awo. Kò sí ọjọ́ kankan tó ya sọ́tọ̀ fún àníyàn mọ́, ló fi ń bá a jí, tó ń bá a sùn. Àwọn kan á fi "Bí a bá ń sunkún, à máa ríran" dá mi lóhùn. Òwe gidi ni, àmọ́ ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni, kò kan èyí.

Ní ti Mùsùlùmí, kí ló dé tí kò ní pa á? Mùsùlùmí ni bàbá mi, ẹnu wọn ni mo sì ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe náà, nígbà tí mò ń retí èsì ìdánwò tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán, ni a ó máa sọ̀rọ̀ èsì ìdánwò yẹn nínú ilé. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ ní Túsìdeè, wọ́n á ní, "Ọrún ò tíì pé," wọ́n á sì rán mi níṣẹ́ lọ sọ́jà.