Ẹ Bi Bàbá Mẹkáníìkì: Pléètì Tuntun, Kílọ́ọ̀ṣì Ṣì Ń Yọ̀

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Honda CG125 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń kó gàrí láti Ìtawurẹ́ wá sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Bí mo bá ti gbé àpò méjì, tí mo kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí mo fún un níná, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọ̀kadà ò ní lọ. Wọ́n ti bá mi pààrọ̀ pléètì kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí jíà àti táyà, lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù márùn-ún. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Mẹkáníìkì ní ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí a tó di ẹ̀bi ru oníṣòwò, ọ́ìlì wo lo ń dà sí i? O ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ, mẹkáníìkì rẹ náà ò sì bi ọ́, mo lè búra.

Kílọ́ọ̀ṣì ọ̀pọ̀ mọ́tò, gbígbẹ ni. Ti CG, inú ọ́ìlì ló ń gbé, ọ́ìlì kan náà tó ń bọ́ ẹ́ńjìnnì àti jíà. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò ayé ìsinsìnyí kan wà tí wọ́n po oògùn tó ń mú nǹkan yọ̀ mọ́, kí epo bẹntiróòlù má baà tètè tán. Ìyẹn dára fún mọ́tò. Ṣùgbọ́n kí pléètì di ara wọn mú la ṣe tò wọ́n, kì í ṣe kí wọ́n máa yọ̀. Wo ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù kí o tó sanwó: JASO MA ni kí o máa wá, àmì tí àwọn ará Japan fi ń dá ọ́ìlì tó bá kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì mu mọ̀. Bí o bá rí JASO MB, fi í sílẹ̀ fún àwọn sìkútà tí kílọ́ọ̀ṣì wọn kì í gbé inú ọ́ìlì. Èyí tí wọ́n ń bù nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́bàá títì, tí kò lórúkọ, má tilẹ̀ bi mí.

Ìkejì, wáyà. Fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Orí rẹ̀ yẹ kó rìn tó sẹ̀ńtímítà 1 sí 2 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Bí wáyà bá le gan-an-ran, ńṣe ló dà bíi pé ìwọ fúnra rẹ ń fa kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Pléètì ò ní lè lẹ̀ mọ́ra dáadáa, á sì jóná. Ẹni tó bá wọ pléètì tuntun gbọ́dọ̀ tún wáyà yìí wọ̀n. Mo sì mọ ẹ̀yin ọlọ́kadà: ìka méjì kì í kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Gbé e kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá wá tú u, má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ kìkì àwọn tó ní nǹkan bíi kọ́ọ̀kì lára. Pléètì onírin tó wà láàárín wọn ńkọ́? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ní gíláàsì lúfà kan tó fi aṣọ dì sínú àpótí irinṣẹ́. A kì í sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn. Orí gíláàsì yìí la ti ń tẹ́ pléètì onírin lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí bébà tí a ká sí méjì bá wọ abẹ́ rẹ̀, ó ti wọ́ nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Èyí tó bá ní àmì aró lára, iná ti mú un. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò ní wò ó. Wọ́n á kàn nu ọ́ìlì ara rẹ̀, wọ́n á dá a padà, pléètì tuntun á wá máa jìyà ẹlòmíràn.

Sípíríǹgì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Gbé àtijọ́ ti tuntun lórí tábìlì. Bí ó bá ti kúrú, pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn kan á ní kí wọ́n fi wọ́ṣà sábẹ́ rẹ̀ kó le; á le lóòótọ́, ọwọ́ rẹ náà á máa ro ọ́, wáyà á sì já lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Ní ti bóòtù, ẹ dè é díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fo láti ọ̀kan sí èyí tó kọjú sí i.

Ẹ tún rẹ pléètì tuntun sínú ọ́ìlì mọ́jú. Èyí tí wọ́n bá wọ̀ ní gbígbẹ ti ń jóná kó tó dé òpin àdúgbò.

Honda gbé CG jáde ní 1976 fún ilẹ̀ tí wọn kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú ọ̀kadà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sùúrù. Kílọ́ọ̀ṣì ni kò ní.

Wáyà ò ná ọ ní kọ́bọ̀. Wò ó lónìí kí o tó ná owó kankan.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹni tó ń tún ọ̀kadà ọmọ mi ṣe fi bẹntiróòlù fọ pléètì tó ń yọ̀, ó fi sáńpépà ha á. Ọjọ́ mẹ́rin ló ṣiṣẹ́. Ṣé kó tún un ha? — Ìyá oníṣu, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Rárá, Ìyá. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn ló kù nínú rẹ̀. Ẹ ra tuntun.