Ẹ̀rù ló ń mú ọ dì mọ́ ọ̀pẹ

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Ìsarà, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní tó bá ku ìwọ àti ọ̀gá rẹ nínú oko, o máa ń gun ọ̀pẹ dórí láìsí wàhálà, àmọ́ táwọn èèyàn bá ti dúró sídìí ẹ̀ tí wọ́n ń wò ọ́, ẹsẹ̀ rẹ á máa gbọ̀n, apá rẹ á sì gan kó o tó dé àárín. O wá ń bèèrè bóyá kó o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Má tíì fi sílẹ̀. Ọdún 19 ni mo ti ń kọ ọ̀pẹ lágbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó, ohun tó ń ṣe ọ́ yìí sì ti gbé mi ṣubú rí.

Bàbá ìyàwó mi ló ni ọ̀pẹ ọjọ́ náà. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dúró, wọ́n ń wò mí. Òjò ti rọ̀ lóru, ara ọ̀pẹ ṣì tutù. Àyà mi ti ń já látilẹ̀, àmọ́ ojú ń tì mí láti sọ pé ká jẹ́ kí oòrùn ràn sí i ná. Mi ò tíì gòkè ju ìdúró èèyàn méjì lọ tí mo fi rí i pé mo ti fàyà lé ọ̀pẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ibẹ̀ ni igbà, okùn tó yí èmi àti ọ̀pẹ ká, ti dẹ̀. Ó yọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ mi tẹ̀ lé e. Ọrùn ọwọ́ òsì mi kán. Títí dòní, tójò bá ti ṣú, ó máa ń ro mí.

Igbà kì í mú ẹni tí kò bá fara sílẹ̀ fún un. Ìgbà tó o bá fẹ̀yìn tì í, tí apá rẹ nà, ni ẹsẹ̀ rẹ máa tẹ ara ọ̀pẹ dáadáa. Ẹ̀rù ló máa ń sọ pé kó o sún mọ́ igi. Bó o bá sì ṣe ń sún mọ́ ọn ni igbà á máa dẹ̀, ẹsẹ̀ á máa yọ̀, ẹ̀rù á tún pọ̀ sí i. Apá tó ń gan yẹn, bó o ṣe ń fún igbà bí ẹni ń fún aṣọ omi ló fà á, àti èémí tó o sé mọ́nú.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fáwọn tó ń gun àpáta. Níbi tí àpáta bá ti dagẹ̀rẹ̀ tí kò síbi ìdìmú, ẹni tó bá fàyà lé e lẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ̀. Alex Honnold, ará Amẹ́ríkà tó gun El Capitan láìlo okùn lóṣù kẹfà ọdún 2017, àpáta tó ga tó nǹkan bí 900 mítà, ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2016. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì padà, lójú àwọn tó ń ya fídíò rẹ̀.

Èmi, nílẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti máa ń jókòó sínú igbà, màá fi gbogbo ara fà á, màá fàtàǹpàkò tẹ kókó rẹ̀ wò. Màá mí síta, kó gùn. Tí mo bá gbẹ́sẹ̀ mẹ́ta, màá dúró, màá fẹ̀yìn tì, màá ju ọwọ́ kan sílẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi padà síka, kí n tó ju ìkejì.

Jọ̀ọ́, sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Má fi pa mọ́ bí mo ṣe fi pa mọ́. Lọ́dún tó kọjá, lọ́nà Àgọ́-Ìwòyè, mo sọ̀ kalẹ̀ lágbede méjì ọ̀pẹ lójú èèyàn bíi mẹ́wàá, mo ní ara mi ò gbà á lónìí. Ẹni tó ni ín bu omi fún mi mu. Ọjọ́ kejì ni mo padà lọ gé ìdì ẹyìn mẹ́ta lórí rẹ̀.