Ṣé "free rein" ló tọ̀nà ni àbí "free reign"?

"Free rein" ni, ìyẹn ni pé kí wọ́n fún èèyàn láyè láti ṣe bó ṣe fẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣin ni, kì í ṣe ti ọba. "Rein" ni okùn ìjánu tí ẹni tó gun ẹṣin máa ń dì mú. Tó bá ti dẹ okùn yẹn, ẹṣin á gba ibi tó wù ú, á sì sáré bó ṣe fẹ́. Bákan náà ni wọ́n ń pe "reign", ìyẹn ìjọba ọba, ló fi jẹ́ pé orí ìtẹ́ ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún "toe the line" náà, ìyẹn kéèyàn máa ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Àwọn tó ń kọ ọ́ ní "tow" rò pé ẹnì kan ń wọ́ okùn ni. Rárá o, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni "toe": kí kálukú fi ẹsẹ̀ kan ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀.