Tí wọ́n bá fún mi ní ṣénjì tó lé, ṣé dandan ni kí Kristẹni dá a padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, dá a padà, torí owó yẹn kì í ṣe tìẹ. Lúùkù 16:10 ní ẹni tó bá ṣòótọ́ nínú nǹkan kékeré máa ṣòótọ́ nínú ńlá náà. Ká ní o ra búrẹ́dì ₦1,200, o fún wọn ní ₦2,000, ìyá oníbúrẹ́dì wá ka ₦1,300 fún ẹ dípò ₦800, ₦500 yẹn àpò ara wọn ni wọ́n ti máa dí i tí wọ́n bá ń ṣírò lálẹ́. Léfítíkù 6:5 ní kéèyàn fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e, Sákéù, agbowó orí kan nínú Bíbélì, tiẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin lòun máa san, àmọ́ ti jìbìtì nìyẹn o, àṣìṣe ṣénjì ò gba èlé.